Ìka Tí Kò Ká Mọ́

Nígbà tí dókítà tú báńdéèjì ọwọ́ òsì Mọ́láyọ̀ tán, ó ní kó ká àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka ìfábẹ̀lá ká. Ti àárín gbọ̀n díẹ̀, ó sì ká. Ọmọńdinrín náà gbìyànjú. Ìka òrùka nìkan ló nà gbọnrangandan, bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Dókítà ní kí wọ́n dúpẹ́. Ó ní iṣan ìka náà ti já nígbà tí wọ́n gbé e dé, àti pé ẹ̀rù ti kọ́kọ́ ba òun pé àwọn yóò gé e. Ní báyìí, ìka wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń lọ síbẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí kò fi ní dùn ún mọ́. Pé yóò tún ká ni òun kò lè ṣèlérí.

Ìyá Mọ́láyọ̀ kúnlẹ̀ nínú yàrá náà, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Láti ìgbà tí ìjàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀ ni kò ti sùn dáadáa. Òun ló rán ọmọbìnrin rẹ̀ yìí lọ sí Ọ̀fàdà ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú ọyẹ́ ọdún 2006, pé kó lọ ra ìrẹsì wá, nítorí wọ́n ń retí àlejò láti Èkó. Ọ̀kadà tó gbé Mọ́láyọ̀ yẹ̀ fún típà oníyanrìn, ó ṣubú, ọwọ́ òsì Mọ́láyọ̀ sì balẹ̀ sórí ẹnu páànù kan tí wọ́n jù sẹ́bàá ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá wá kí wọn nílé, ìyá á ti sọ fún un kí ó tó béèrè pé òun lòun rán an níṣẹ́.

Mọ́láyọ̀ náà dúpẹ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ọwọ́ òun pé. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ti ń gbé wọn padà sí Mówè, ó fi ọwọ́ kejì di ìka náà mú, ó sì ń rò ó pé nínú gbogbo ìka tí òun fi ń ta jìtá, ìyẹn ló ní ohùn.

Iṣẹ́ orin ni Mọ́láyọ̀ ń ṣe. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé aládàáni kan ní orin, ó ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, bó bá sì di ọ̀sán Sátidé, á wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàfò lọ́dọ̀ Bàbá Olúgbádé. Bàbá yìí ti ta jìtá ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì Èkó nígbà èwe rẹ̀, nígbà tí àwọn atukọ̀ òkun ń kó àwo orin bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Nínú àwọn àwo náà ló ti gbọ́ bùlúùsì, orin tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fi ń sọ ìrora wọn láìjẹ́ kí ó pa ẹ̀rín wọn. Kò kúrò létí rẹ̀ mọ́. Ó ṣe tirẹ̀ ní èdè Yorùbá: orin nípa ìyàwó rẹ̀ tó kú, orin nípa ilé tó kọ́ tí kò parí, orin nípa ọ̀nà márosẹ̀ tó ń gbé ọmọ ènìyàn lọ tí kì í dá wọn padà. Kò gba ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀ rí. Nígbà tó máa wá ṣe é, làkúrègbé ti mú ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sì lè tẹ okùn mọ́. Ohùn ọ̀fun rẹ̀ nìkan ló kù.

Ìdí nìyẹn tó fi ń kọ́ Mọ́láyọ̀. Ẹnu ló fi kọ́ ọ. Á jókòó sórí àga rẹ̀, á máa sọ ibi tí kó fi ìka sí, á máa hùn ohun tó fẹ́ gbọ́ títí Mọ́láyọ̀ á fi bá a níbẹ̀. Ó ní nínú bùlúùsì, wọn kì í fi ohùn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìka òrùka ni yóò tẹ okùn, àwọn méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì gbè é, wọn á jọ ti okùn náà sókè títí ohùn á fi gun ibi tó ń lọ bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹkún ti dé ọ̀fun. Tó bá ti débẹ̀, ọrùn ọwọ́ á wá máa mì jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń yí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó kọ́ ọ pé bó bá ta okùn nítòsí ìdí jìtá, ohùn á le bí ohùn agolo. Bó bá súnmọ́ ọrùn, á rọ̀, á sì gbóná.

Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò jọ gbà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Mọ́láyọ̀ ní ańpílífáyà àtijọ́ kan, irú èyí tó ní ìgò kéékèèké tó máa ń pọ́n yòò nínú nígbà tí wọ́n bá tàn án, ó sì gbà pé ìdajì ohùn òun wà nínú rẹ̀. Tó bá fọwọ́ ba okùn díẹ̀, ẹ̀rọ náà á sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́. Tó bá fà á le, etí ohùn náà á ya díẹ̀, á sì dùn. Bàbá ní ìka ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n lè fi gbogbo ọ̀sán jiyàn lé e lórí.

Wọ́n ti jọ gbà pé àwọn yóò gba àwọn orin náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Fúnmi, obìnrin kan tó ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ kékeré ní Ìbàfò, tó máa ń ṣe iṣẹ́ fún àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kò lè fi í falẹ̀, nítorí Adébánjí, ọmọ Bàbá tó wà ní Kánádà, ti ń ṣe ìwé tí yóò fi mú bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀. Bàbá kò rò pé òun yóò tún padà wá. Ibi tí ètò wà nìyẹn tí ọ̀kadà fi ṣubú.

Nígbà tí egbò jinná, Mọ́láyọ̀ tún gbé jìtá. Inú rẹ̀ dùn, nítorí ìka mẹ́ta tó kù tó fún orin ìyìn, kò sì sẹ́ni tó mọ ìyàtọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ ti okùn sókè fún bùlúùsì, ìka àárín á gbé e dé ìdajì ọ̀nà, á sì jù ú sílẹ̀. Ó fi ọmọńdinrín gbè é, kò lágbára. Ó wá wò ó pé ẹ̀rọ lè gba òun. Ó lọ sí Èkó, ó ra okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ, kí ó lè rọrùn láti tì. Ó ra àpótí kékeré kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tó ń mú kí ohùn jìtá máa hó bí epo nínú agbada. Ó sì ṣí ańpílífáyà náà sókè ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Ohùn náà kún gbogbo ilé. Ó bo ibi tí ìka kò lè dé.

Ó gbé e lọ fún Bàbá. Bàbá di ojú, ó gbọ́ ọ tán, ó ní kó tún un ta, ó tún gbọ́ ọ. Ó béèrè ohun tí àpótí náà ń ṣe, Mọ́láyọ̀ sì ṣàlàyé fún un.

"Ohùn tó dára ni," Bàbá sọ fún un. "Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ẹ níbẹ̀, ọmọ mi."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbé e sọ́kàn, pé kí ọwọ́ ẹni dá ṣe pàtàkì ju orin lọ. Ó ní òun yóò sọ fún Fúnmi kó fi ọjọ́ tó mú fún àwọn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mọ́láyọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọkùnrin, nítorí kò mọ ohun tó tún lè ṣe, ó sì gbé jìtá rẹ̀ jáde. Ó sunkún nínú ọkọ̀ títí ó fi kọjá Mágbọ̀rọ̀ láì mọ̀ pé ọ̀nà Èkó ni ọkọ̀ tóun wọ̀ dojú kọ. Ó ní láti sọ̀ kalẹ̀, kó tún wọ èyí tó ń padà sí Mówè.

Kò pẹ́ sí i ni ańpílífáyà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó ti fi agbára lò ó jù. Múdàṣírù ló máa ń tún un ṣe fún un, ọmọ Ìfọ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní iwájú ilé bàbá rẹ̀, níbi tó ti ń tún rédíò àti ẹ̀rọ ìgbohùn mọ́sálásí ṣe. Ó jìnnà sí Mówè, ṣùgbọ́n Mọ́láyọ̀ kò mọ ẹlòmíràn tó lè fọwọ́ kan àwọn ìgò yẹn láìbà wọ́n jẹ́. Ó gbé e lọ, ó sì gbé jìtá dání, nítorí Múdàṣírù kì í gbà pé ẹ̀rọ ti dára tí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́.

Múdàṣírù kí i kú ìjàǹbá, ó wo ìka náà, ó ṣe é ní pẹ̀lẹ́. Ó pààrọ̀ ohun tó jóná nínú ẹ̀rọ, ó jó wáyà kan mọ́ ibi tó ti tú, ó ní kó ta á kí òun gbọ́. Ìkùn ti lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì ń gbọ̀n rìrì, kì í ṣe nínú ẹ̀rọ, nínú jìtá ni. Àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń gbá àwọn irin kéékèèké tó dábùú ọrùn jìtá níbì kan. Mọ́láyọ̀ wò yíká fún ohun tó lè fi wá ibẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì wà lórí tábìlì. Ó mú un, ó fi í lé okùn láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ta okùn náà, ó sì ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀ láti mọ ibi tí ariwo ti ń wá.

Ohùn náà gbéra láti ìsàlẹ̀, ó gun òkè láìdúró níbì kankan, ó dé ibi tí ìka rẹ̀ kò lè gbé e dé mọ́, ó sì dúró síbẹ̀ tó ń gbọ̀n.

Mọ́láyọ̀ gbé ọwọ́ kúrò. Múdàṣírù, tó ti fẹ́ máa kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ, yíjú sí i. Mọ́láyọ̀ tún ṣe é, ó sì tún rí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì náà bọ ọmọńdinrín. Ó fẹ̀ jù, ó bọ́ sílẹ̀. Ó wá fi bọ ìka òrùka. Ìka tó le gbọnrangandan yẹn wọ inú irin náà, ó dúró. Kò yí, kò ká, kò yọ̀. Ó gbé e sórí okùn, ó sì rántí pé ọrùn ọwọ́ òun kò ní àìsàn kankan. Ó mì ín bí ẹni tó ń yí ọwọ́ ilẹ̀kùn, ohùn náà sì sọ̀rọ̀.

Múdàṣírù lọ kírun Alásárì. Nígbà tó padà dé, Mọ́láyọ̀ ṣì wà lórí àga yẹn. Ó bi í bóyá ẹ̀rọ ti dára tó. Mọ́láyọ̀ ní òun kò mọ̀, òun kò ì tíì gbọ́ ẹ̀rọ. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí Mọ́láyọ̀ kò rín láti ìgbà ọyẹ́.

Kì í ṣe pé ó rọrùn. Irin náà ń kan àwọn irin ọrùn jìtá, ó ń dún kọ̀ǹkọ̀. Múdàṣírù ní àwọn okùn náà wà nílẹ̀ jù. Ó gbẹ́ egungun ẹsẹ̀ màlúù kan, ó fi rọ́pò ike tó gbé okùn dúró lókè ọrùn jìtá, àwọn okùn sì gbéra sókè. Mọ́láyọ̀ yọ àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ dànù, ó fi èyí tó ki sí i, nítorí okùn tó ki ló lè gbé irin láìrọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wúwo. Múdàṣírù gé páìpù idẹ kan láti ara ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́, ó fi fáìlì pa ẹnu rẹ̀ títí ó fi dán.

Ìyókù di ti Mọ́láyọ̀ fúnra rẹ̀, nínú yàrá rẹ̀ ní Mówè, nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ó rí i pé páìpù gbọ́dọ̀ dúró lórí irin ọrùn jìtá gan-an, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ bíi ti ìka. Bó bá ku díẹ̀, irọ́ ni; bó bá kọjá díẹ̀, irọ́ ni. Etí nìkan ló lè sọ ibẹ̀. Ó rí i pé ìka ìfábẹ̀lá àti ti àárín gbọ́dọ̀ máa ba okùn fẹ́rẹ́ lẹ́yìn páìpù, kí ariwo má bàa máa tẹ̀ lé e. Ó ju ike tó fi ń ta okùn sílẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò àti ẹran ìka ta á, ó sì ń fi àwọn ìka tó kù di àwọn okùn tí kò kàn lẹ́nu. Ohùn náà di ti ènìyàn. Àpótí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ó gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tó ń pariwo pé òun fẹ́ irú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló ń ta orin Bàbá tó dá lórí ìyàwó tó kú, ni ìyá rẹ̀ sáré wọlé láti ilé ìdáná, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó tún ń dùn ẹ́ ni?"

Kò kọ́kọ́ yé Mọ́láyọ̀. Ìgbà tó yá ló mọ̀ pé ìyá òun gbọ́ jìtá, ó rò pé ènìyàn ló ń sunkún.

"Kò dùn mí, Mọ́mì. Ìka tó le yẹn ni mo fi ń ṣe é."

Ó yọ páìpù, ó fi ìka náà hàn án. Ó ṣàlàyé fún un pé ìka tó ń ká dáadáa kì bá gbé e dúró tó báyìí. Ìyá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó di ìka náà mú. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé láti ọsibítù ni kò ti lè fọwọ́ kàn án.

"Èmi ni mo rán ẹ lọ," ó tún sọ bẹ́ẹ̀.

"Ìrẹsì lẹ rán mi, Mọ́mì. Ẹ ò rán típà."

Ìyá jókòó sórí ibùsùn, ó sì ní kó máa ta á lọ. Omi tó wà lórí iná gbẹ tán, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀.

Nígbà tí Mọ́láyọ̀ padà dé Ìbàfò, Bàbá Olúgbádé ti ń di ẹrù. Ìwé ìrìnnà ti jáde. Mọ́láyọ̀ kò ṣàlàyé kankan. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó so jìtá mọ́ ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀. Bàbá dáwọ́ dúró lórí aṣọ tó ń ká. Ó wá jókòó sí iwájú rẹ̀, ó ń wo páìpù náà bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sí i. Kì í ṣe ohùn tó kọ́ Mọ́láyọ̀ ló ń gbọ́. Ohùn mìíràn ni, ó gùn ju tòun lọ, ó sì mọ ibi tó ń lọ. Nígbà tí orin parí, ó ní kí Mọ́láyọ̀ bá òun pe Fúnmi lórí fóònù, kí àwọn bi í bóyá ó ṣì ní àyè.

Fúnmi ní àyè. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n tàn. Ìyá Mọ́láyọ̀ bá wọn lọ. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí ọmọ òun ń lọ láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n fi í sórí àga kan ní igun yàrá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ohùn jẹnẹrétọ̀ wọ inú jìtá, ó ń kùn bí oyin. Fúnmi, tó ti rí irú rẹ̀ rí, ní kí Mọ́láyọ̀ máa yí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú jìtá lórí ẹsẹ̀, nítorí ibi tí jìtá bá kọjú sí ló ń pinnu bí yóò ṣe gbọ́ ìkùn náà tó. Mọ́láyọ̀ yí, ìkùn pọ̀ sí i. Ó yí sí apá kejì, ó dín kù. Ó yí títí ó fi kọ ẹ̀yìn sí Bàbá àti sí Fúnmi, ìkùn náà sì kú. Igun tí ìyá rẹ̀ jókòó sí ló wá dojú kọ. Fúnmi ní kó má mira kúrò níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ta gbogbo orin náà. Bàbá ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀, kò rí i. Ó kàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí kó tó mú ọ̀rọ̀ tó kàn, òun náà á sì dúró dè é. Níbi tí ohùn Bàbá bá ti rẹ̀, tí kò lè gun òkè mọ́, páìpù idẹ á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á gbé e débẹ̀. Wọn kò fi èyí ṣe ètò. Nínú orin ìyàwó tó kú, Bàbá gbàgbé ẹsẹ kan, ó dákẹ́, Mọ́láyọ̀ sì fi jìtá sọ ẹsẹ náà. Fúnmi fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Bàbá ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Fúnmi ṣí i fún wọn láti gbọ́, Bàbá Olúgbádé tẹ́tí títí dé òpin. Ó mí sókè, ó mí sílẹ̀, ó sì béèrè omi. Ó mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti ń bẹ̀rù Kánádà láti ìgbà tí ọmọ òun ti ń pè, kì í ṣe nítorí òtútù, bí kò ṣe nítorí pé òun rò pé gbogbo ohun tí òun ní yóò kú sínú òun lọ́nà ibẹ̀. Ó ní òun lè lọ báyìí. Mọ́láyọ̀ bi í, bí ẹni tó ń bá a ṣàwàdà, bóyá ìka ṣì ni gbogbo rẹ̀. Bàbá wo páìpù, ó wo egungun màlúù lórí jìtá, ó wo ẹ̀rọ tí ìgò rẹ̀ ń pọ́n, ó ní òun yóò ronú sí i tóun bá dé ọ̀hún.

Òjò ti dá. Mọ́láyọ̀ yíjú sí igun láti sọ fún ìyá rẹ̀ pé wọ́n ti parí, kí wọ́n máa lọ. Ìyá ti sùn. Orí rẹ̀ fara ti ògiri, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ẹsẹ̀, ó ń sùn bí ẹni tí kò níṣẹ́ kankan mọ́ láyé. Fúnmi fẹ́ jí i. Mọ́láyọ̀ fi ọwọ́ dá a dúró, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó sì dúró dè é títí ó fi jí fúnra rẹ̀.